Ẹrù Tí Ọba Ń Gbé Lọ sí Bàrà

Ní ọdún 1859, Aláàfin Àtìbà wàjà ní Ọ̀yọ́, gbogbo ojú sì yí sí Adélù, Àrẹ̀mọ rẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn èèyàn ń ronú bóyá yóò jọba. Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá yóò kú. Àṣà tí wọ́n bá nílẹ̀ ni pé bí Aláàfin bá wàjà, Àrẹ̀mọ gbọ́dọ̀ bá a lọ, nítorí àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ṣèjọba, tí wọ́n jọ jayé, kò sì yẹ kí ọ̀kan ṣẹ́kù sílẹ̀ kí èkejì dá lọ. Adélù kò kú. Ó gorí ìtẹ́ baba rẹ̀. Kò pé ọdún méjì tí ogun fi dé.

Ìlú tí ogun náà pa run kò jìnnà sí Ìbàdàn. Ìjàyè ni, èyí tó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé lónìí. Ẹni tó bá gba Mọ́níyà lọ sí Ìṣẹ́yìn yóò gba inú rẹ̀ kọjá, yóò rí ilé, yóò rí oko ẹ̀gẹ́, ó sì lè má mọ̀ pé àìmọye ènìyàn ló kú níbẹ̀ nínú ìjà tí ọ̀rọ̀ òkú kan bẹ̀rẹ̀: ta ló yẹ kó bá ọba wọ kòtò?

Ìbéèrè yìí ti pẹ́ ju Ọ̀yọ́ lọ. Níbi gbogbo tí ọmọ ènìyàn ti gbà pé ẹni tó kú ń lọ síbì kan ni, wọ́n ti bi ara wọn léèrè ohun tó yẹ kó mú dání. Àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ dáhùn rẹ̀ débi pé gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ wọn títí di òní. Yorùbá náà dáhùn rẹ̀, ìdáhùn náà sì yàtọ̀ sí ti Íjíbítì tó bẹ́ẹ̀ tó fi yẹ kí ọmọ Yorùbá mọ̀ ọ́n dunjú kó tó máa yangàn pẹ̀lú wúrà àwọn Fáráò.

Ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ tó kún jù ni Samuel Johnson, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Sierra Leone ní 1846, tó dàgbà sí Ìbàdàn, tó sì sìn níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí katikíìsì kó tó di àlùfáà ní Ọ̀yọ́. Ọmọdé ni nígbà tí ogun Ìjàyè jà. Ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897, ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́, òun fúnra rẹ̀ sì kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́kù, kó tó jáde ní 1921. Ọpẹ́ ni fún tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yìí, nítorí púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa ìsìnkú àwọn Aláàfin ayé àtijọ́ ni ì bá ti bá àwọn arókin wọlẹ̀.

Òru ni wọ́n máa ń sin Aláàfin. Òkìnkìn àti fèrè eyín erin á dún, ìlù kòso náà á sì dún. Kòso yìí ni wọ́n ń lù ní ìdájí, nǹkan bí aago mẹ́rin, láti fi jí ọba lójoojúmọ́. Bí ará ìlú bá wá gbọ́ ọ lóru, wọ́n mọ̀ pé ọba ti ń lọ síbi ìsinmi rẹ̀ ìkẹyìn. Ìjòyè tí wọ́n ń pè ní Ọ̀nà-oǹṣẹ́-awọ àti àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ á gbé òkú pọ̀n, wọ́n á forí lé Bàrà, ibi tí àwọn Aláàfin ń sùn sí. Ìgbà mọ́kànlá ni wọ́n ń dúró lọ́nà. Níbi kọ̀ọ̀kan, ènìyàn kan àti àgbò kan ni wọ́n ń pa. Ní Bàrà fúnra rẹ̀, obìnrin mẹ́rin níbi orí, obìnrin mẹ́rin níbi ẹsẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọmọkùnrin lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ni wọ́n ń sin pọ̀ mọ́ ọba nínú kòtò kan náà, kí wọ́n lè máa ṣe ìránṣẹ́ rẹ̀ lọ́run. Ẹni tó gbé fìtílà dání, tí gbogbo rẹ̀ ṣojú rẹ̀, ni wọ́n ń fi kádìí rẹ̀. Kí Johnson tó kọ ìwé rẹ̀, wọ́n ti fi ẹṣin àti màlúù rọ́pò ènìyàn.

Ohun tó tẹ̀ lé èyí ló yani lẹ́nu jù. Adé tó wà lórí ọba, agbádá olówó ńlá tí wọ́n fi tẹ́ ẹ nítẹ̀ẹ́ ẹ̀yẹ, ẹ̀gbà ọwọ́ àti ẹ̀gbà ẹsẹ̀ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń bọ́ kúrò kí wọ́n tó gbé e sínú ilẹ̀. Aṣọ dúdú àti funfun ló ń wọ̀ lọ. Àwọn nǹkan tí wọ́n bọ́ á di ti Ọ̀nà-oǹṣẹ́-awọ àti àwọn èèyàn rẹ̀. Ọba tí ìlú púpọ̀ ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún, tí kò sí ohun tó fẹ́ tí kò ní rí, kò mú adé lọ. Ènìyàn ló ń mú lọ.

Kì í sì í ṣe gbogbo àwọn tó ń bá a lọ ni wọ́n ń fi tipá mú. Àwọn kan wà, tí wọ́n ń pè ní abọ́bakú, tó jẹ́ pé oyè tí wọ́n jẹ ló ti so wọ́n mọ́ ikú ọba láti ọjọ́ tí wọ́n ti jẹ ẹ́. Láàárín ọmọ ọba, Magají Ìyájìn, Àgùnpopo àti Olúsàmì wà lára wọn. Láàárín ìránṣẹ́ ààfin, Ọ̀sì-ìwẹ̀fà àti Olókùn-ẹṣin wà níbẹ̀. Nínú àwọn obìnrin, Ìyá Ọba àti Ìyá Nàsó, tó ń tọ́jú Ṣàngó ọba, kò gbẹ́yìn. Bí wọ́n bá ti gba oyè ni wọ́n ń gba aṣọ ikú, aṣọ sẹ́dà tó rẹwà gan-an, wọ́n á sì máa fi ṣe ẹ̀ṣọ́ lọ́jọ́ ayẹyẹ. Gbogbo ìlú mọ ohun tí aṣọ náà túmọ̀ sí, síbẹ̀ Johnson sọ pé àwọn èèyàn ń du oyè wọ̀nyí kíkankíkan, nítorí ọrọ̀ tó wà nídìí wọn, àti nítorí pé ẹni tó bá jẹ wọ́n lè ṣe ohun tó wù ú, kò sẹ́ni tí yóò bi í. Nígbà tí ọjọ́ bá pé, wọ́n á wọ aṣọ ikú náà jó káàkiri ìlú. Nílé, wọ́n ti gbẹ́ kòtò sílẹ̀. Wọ́n á bá ẹbí àti ọ̀rẹ́ jẹ, wọ́n á bá wọn mu, wọ́n á sì fọwọ́ ara wọn para wọn.

Ó rọrùn láti fi ògo bo ọ̀rọ̀ yìí, pàápàá nígbà tí a bá ń sọ ti Olókùn-ẹṣin. Ṣùgbọ́n ẹrú tí wọ́n pa lójú ọ̀nà Bàrà kò jẹ oyè, kò ní aṣọ ikú, kò sì gbádùn ọjọ́ kan nínú ayé tí wọ́n ní kó lọ máa sìn ní ìkejì rẹ̀. Òǹkọ̀wé tó bá fojú fo òun láti kí abọ́bakú kú iṣẹ́ akin kò tíì sọ ìtàn náà tán.

Íjíbítì náà bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ọba Djer, tó jẹ ní nǹkan bí 5,000 ọdún sẹ́yìn, ni wọ́n sin sí Abydos, sàréè àwọn ẹlòmíràn tó lé ní 300 ló sì yí tirẹ̀ ká. Àwọn awalẹ̀pìtàn púpọ̀ gbà pé ṣe ni wọ́n pa àwọn wọ̀nyí kí wọ́n lè bá a lọ. Àṣà náà kò pẹ́ níbẹ̀, ó parẹ́ lẹ́yìn ìdílé ọba àkọ́kọ́. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ère kéékèèké tí wọ́n ń pè ní shabti, tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ sí lára pé bí wọ́n bá pe olóògbé síṣẹ́ oko lọ́run, kí ère náà dáhùn pé òun nìyí. Nígbà tí awalẹ̀pìtàn Howard Carter rí ibojì ọba Tutankhamun ní oṣù kọkànlá ọdún 1922, irú ère bẹ́ẹ̀ 413 ló bá níbẹ̀ fún ọmọkùnrin kan tí kò ju nǹkan bí ọmọ ọdún 19 lọ nígbà tó kú. Gbogbo ohun tó bá níbẹ̀ lápapọ̀ lé ní 5,000: kẹ̀kẹ́ ogun mẹ́fà, ibùsùn, sálúbàtà, ọ̀pá ìtilẹ̀ tó tó 130, ìkòkò wáìnì, ẹran tí wọ́n tọ́jú kó má bàa bàjẹ́, àti pósí wúrà tó wọ̀n ju 110 kílò lọ. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi kó o tán.

Ìdí tí wọ́n fi kó ẹrù tó bẹ́ẹ̀ ni pé, lójú wọn, ara òkú kò gbọ́dọ̀ jẹrà. Àádọ́rin ọjọ́ ni wọ́n ń fi tọ́jú rẹ̀, wọ́n á fi iyọ̀ natron mú kó gbẹ, wọ́n á kó ìfun, ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀fóró àti àpòlúkù sínú ìkòkò mẹ́rin. Ọkàn nìkan ni wọ́n ń fi sílẹ̀ láyà, nítorí òun ni wọn yóò gbé sórí òṣùwọ̀n lọ́run, kí wọ́n fi ìyẹ́ Maat, ìyẹ́ òtítọ́, wọ̀n ọ́n. Apá kan nínú ẹ̀mí ènìyàn, tí wọ́n ń pè ní ka, ṣì ń jẹun lẹ́yìn ikú. Nítorí náà, ilé ni ibojì jẹ́, ilé kì í sì í ṣófo. Olè sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ Ramesses kẹsàn-án, ó lé ní 3,000 ọdún sẹ́yìn, ilé ẹjọ́ jókòó lórí àwọn tó fọ́ ibojì àwọn ọba tí wọ́n sì bó wúrà ara wọn, àkọsílẹ̀ ẹjọ́ náà ṣì wà títí di ìsinsìnyí.

Ti Yorùbá kò rí bẹ́ẹ̀. Ara ti ilẹ̀ ni. Ẹni tó ni ara ni ó ń rìnrìn àjò, yóò dé ọ̀dọ̀ oníbodè, yóò rojọ́ ohun tó fi ayé ṣe, yóò sì bá àwọn baba rẹ̀ pàdé bí ìwà rẹ̀ bá dára. Àjò náà ni wọ́n ń dì fún, wọn kì í di ẹrù ilé. Wọ́n á wẹ òkú, wọ́n á fá orí rẹ̀, kí ó má bàa fi ìdọ̀tí ayé wọ̀lú. Àwọn ọmọ àti àna á mú aṣọ wá, aṣọ tó ṣeé gbé jáde, nítorí ẹni tó ń re àárín àwọn baba ńlá rẹ̀ kì í wọ àkísà. Wọ́n á sì mú adìyẹ ìrànà. Bí wọ́n ti ń gbé òkú lọ ni wọ́n ń tu ìyẹ́ adìyẹ náà sọ́nà, kí ọ̀nà lè là fún olóògbé. Àwọn tó sin òkú ló ń jẹ adìyẹ yẹn níkẹyìn, ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń sọ pé adìyẹ ìrànà kì í ṣe ohun à-jẹ-gbé: ẹni tó jẹ ẹ́ lónìí, ọjọ́ tirẹ̀ náà ń bọ̀. Kí wọ́n tó rọ́ yẹ̀ẹ̀pẹ̀, wọ́n á kìlọ̀ fún un pé kó má jẹ ọ̀kùn, kó má jẹ ekòló, ohun tí àwọn tó bá lọ́hùn-ún ń jẹ ni kó bá wọn jẹ. Oúnjẹ tirẹ̀ wà níbi tó ń lọ. Kò sí ìdí láti di ẹran gbígbẹ fún un.

Ibi tí wọ́n ń sin ín sí náà ṣe pàtàkì. Johnson kọ ọ́ pé Yorùbá kì í sin òkú sí itẹ́, inú ilé ni, lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí nínú yàrá. Ọmọ ń sùn lórí baba rẹ̀, ó ń jí kí i láàárọ̀. Olè wo ni yóò wá hú u? Ilé tí baba wà nínú ilẹ̀ rẹ̀ kì í sì í ṣe ilé tí ẹnikẹ́ni lè jáde kó sọ pé òun ló ni ín. Dúkìá olóògbé dúró sílẹ̀ fún àwọn ọmọ, nítorí òun fúnra rẹ̀ ṣì ń bọ̀ wá bá a níbẹ̀. Bí obìnrin bá bí ọmọkùnrin lẹ́yìn ikú baba àgbà, Babátúndé dé. Bí ó bá jẹ́ obìnrin lẹ́yìn ikú ìyá àgbà, Yétúndé tàbí Ìyábọ̀ ni. Ẹni tó ń padà wá kò ní kó ilé rẹ̀ tán lọ sínú kòtò. Bẹ́ẹ̀ náà ni egúngún ṣe ń jáde lọ́dọọdún, ará ọ̀run tó wá wo ilé. Olóòlù àti Alápáńsánpá ṣì ń jáde ní Ìbàdàn títí di òní.

A kò wá lè sọ pé kò sí ọrọ̀ nínú ilẹ̀ lápá ibí yìí rí. Ní Igbo-Ukwu, ní ilẹ̀ Ígbò, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Isaiah Anozie ń gbẹ́ ilẹ̀ nínú ọgbà rẹ̀ ní 1938 nígbà tó bá idẹ pàdé. Thurstan Shaw, tó padà dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìwalẹ̀pìtàn sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, lọ walẹ̀ níbẹ̀ ní 1959 sí 1960, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní 1964. Ó rí yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n fi pákó ṣe, ènìyàn ńlá kan jókòó nínú rẹ̀ pẹ̀lú adé àti ohun ọ̀ṣọ́ idẹ, eyín erin mẹ́ta wà lọ́dọ̀ rẹ̀, egungun ènìyàn tó tó márùn-ún, ó kéré tán, sì wà lókè yàrá náà. Ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n rí ní Igbo-Ukwu lápapọ̀ lé ní 165,000, èyí tó gba aginjù Sàhárà kọjá sì wà lára wọn. Nǹkan bí ọ̀rúndún kẹsàn-án ni wọ́n kà á sí, ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn.

Ní Ifẹ̀, ohun mìíràn ni ilẹ̀ gbé jáde. Ní 1938 kan náà, àwọn tó ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin, bá àwọn orí idẹ tó jọ ènìyàn gidi pàdé. Ihò wà lára ọrùn wọn, púpọ̀ nínú wọn sì ní ihò tó ṣeé ṣe kí wọ́n fi so adé mọ́ orí. Frank Willett, tó ṣiṣẹ́ ní Ifẹ̀ fún ọdún pípẹ́, gbà pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n lo irú orí bẹ́ẹ̀ níbi ìsìnkú kejì ọba, kí gbogbo ayé rí i pé ọba kú, ipò ọba kò kú. Ọ̀wọ̀ náà ní àkó, ère tó tóbi bí ènìyàn, tí wọ́n ń wọ aṣọ olóògbé fún tí wọ́n sì ń gbé káàkiri ìlú nígbà ìsìnkú kejì. Bí èrò Willett bá tọ́, nígbà náà Ifẹ̀, Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀yọ́ ń sọ ohun kan náà: adé dúró, èèyàn lọ.

Àwọn kan ti gbìyànjú láti so gbogbo èyí mọ́ Íjíbítì. Johnson fúnra rẹ̀ gbà pé apá òkè Íjíbítì tàbí Nubia ni àwọn Yorùbá ti ṣẹ̀ wá. Ní 1948, Àlùfáà J. Olumide Lucas gbé ìwé kan jáde lórí ẹ̀sìn Yorùbá, ó sì fa ọ̀pọ̀ òrìṣà àti ọ̀rọ̀ wa lọ sí etí odò Náílì. Ìfẹ́ tó wà nídìí iṣẹ́ wọn kì í ṣe ohun tí a óò fi ṣe yẹ̀yẹ́, ní àkókò tí òyìnbó ń sọ pé a kò ní ìtàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí kò gbè wọ́n. Ní 1965, Shaw hú egungun ènìyàn kan nínú ihò àpáta Ìwó Elérú, nítòsí Ìsàrun ní ìpínlẹ̀ Oǹdó báyìí, egungun náà sì ti lé ní 11,000 ọdún. Ẹnì kan ti tẹ́ òkú sínú ilẹ̀ ibí yìí ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ọdún kí wọ́n tó to òkúta píramíìdì àkọ́kọ́. A kò nílò Fáráò láti kọ́ wa bí a ṣe ń sin baba wa.

Ká padà sí ọ̀rọ̀ Adélù. Àtìbà mọ ohun tó ń ṣe nígbà tó yí àṣà Àrẹ̀mọ padà. Kó tó kú, ó ti bá àwọn olóyè sọ ọ́, Ìbàdàn sì gbà pé Adélù ni àwọn yóò mọ̀ lọ́ba. Kúrunmí, olórí Ìjàyè, kọ̀. Lójú rẹ̀, òfin àwọn baba ńlá kì í ṣe aṣọ tí ènìyàn lè bọ́ sílẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Àwọn kan á sọ pé ìlara Ìbàdàn àti Ìjàyè lórí ta ni yóò jẹ́ ọ̀gá ló wà lábẹ́ rẹ̀, òótọ́ sì ni èyí náà. Ohun tó wá dá iná sí i ni dúkìá obìnrin ọlọ́rọ̀ kan, Abù, tó kú láìní àrólé, tí Aláàfin ní ó tọ́ sí òun, tí Kúrunmí náà sì ní kò ní kọjá ọ̀dọ̀ òun. Ní 1860, Ìbàdàn gbógun dìde, Balógun Ìbíkúnlé àti Ògúnmọ́lá ló kó wọn lọ. Ẹ̀gbá wá gbè sẹ́yìn Ìjàyè. Ọmọkùnrin Kúrunmí márùn-ún ló bá ogun náà lọ, òun fúnra rẹ̀ kú ní 1861, Ìjàyè sì fọ́ ní oṣù kẹta ọdún 1862. Ẹni tó ní kí ọmọ ọlọ́mọ bá baba rẹ̀ wọ kòtò sin ọmọ tirẹ̀ márùn-ún. Àwọn ará Ìjàyè sá lọ sí Abẹ́òkúta, àdúgbò wọn sì wà níbẹ̀ di òní.

Lẹ́yìn ogun yìí, kò sí Àrẹ̀mọ tí wọ́n tún ní kó kú mọ́. Ṣùgbọ́n Olókùn-ẹṣin ṣì di ipò tirẹ̀ mú. Ní oṣù kejìlá ọdún 1944, Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù kìíní wàjà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1945, Olókùn-ẹṣin rẹ̀, Jinadu, bẹ̀rẹ̀ sí í jó ijó ikú láàárín Ọ̀yọ́, àwọn aláṣẹ òyìnbó ní kí wọ́n mú un, kó má bàa para rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kan kú dípò rẹ̀. Duro Ladipo gbé e sórí ìtàgé ní Ọba Wàjà ní 1964, Wole Soyinka náà kọ eré tirẹ̀ lé e lórí ní 1975, ayé sì ti ń jiyàn lórí rẹ̀ láti ìgbà náà. Nínú gbogbo àríyànjiyàn yẹn, ọmọ tó kú náà ni wọ́n kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó.

Bàrà ṣì wà ní Ọ̀yọ́. Ìyámọdẹ ló ń bójú tó o láyé Johnson, obìnrin tí Aláàfin ń pè ní baba, òun nìkan sì ni ọba ń kúnlẹ̀ fún. Nígbà tí Aláàfin Làmídì Adéyẹmí kẹta wàjà ní oṣù kẹrin ọdún 2022, wọ́n kírun sí i lára nílànà Mùsùlùmí kí àwọn onísẹ̀ṣe tó gbà á. Ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, òfin kan tí wọ́n ṣe ní 2021 ti fún ọba àti ẹbí rẹ̀ láṣẹ láti yan irú ìsìnkú tí wọ́n bá fẹ́, nígbà tí Awùjalẹ̀ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, Síkírù Adétọ̀nà, sì wàjà ní oṣù keje ọdún 2025, nílànà Mùsùlùmí ni wọ́n sin ín.

Ní Alákìá, Ẹgbẹ́dá àti àwọn abúlé oko tó yí Ìbàdàn ká, aṣọ funfun lásán ni Mùsùlùmí ń wọ̀ lọ, onígbàgbọ́ ń wọ pósí pẹ̀lú kóòtù tàbí aṣọ òkè. Púpọ̀ ṣì ń sùn síwájú ilé tí wọ́n kọ́, wọ́n fi táìlì bo ojú oórì, wọ́n kọ orúkọ àti ọdún sí i. Bí ìgboro ti ń gbòòrò wọ inú oko, ilẹ̀ wọ̀nyí ń di títà, ojú oórì sì ni ibi tí ìdúnàádúrà ti máa ń le jù. Olùrà á ní kí wọ́n hú egungun náà kó lọ síbòmíràn kí òun lè rí àyè kọ́lé. Àwọn ẹbí kan ń gbà, wọ́n á ṣe ìnáwó kékeré, wọ́n á sì tún un sin. Àwọn mìíràn á yọ ibi tí baba wà kúrò nínú ìwé ilẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ rà á kò bá sì gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní kó gba owó rẹ̀ padà.